Bí Mo Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ìbéèrè ní Ìlọrà

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ yóò kọ́kọ́ kan Fìdítì, níbi tí wọ́n ti ń to ọsàn àti máńgòrò sí ẹ̀bá títì, kò sì ní í pẹ́ lẹ́yìn náà tí yóò fi gba Ìlọrà kọjá. Ìlọrà kò sá pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bá ọ̀dà ló wà. Ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ akẹ́rù, ọkọ̀ àwọn olóṣèlú, gbogbo wọn ló mọ orúkọ ìlú náà torí wọ́n ń rí i lára pátákó. Síbẹ̀, bi ẹni tó ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́ pé níbo ni àwọn ará Ìlọrà ti ń rí omi nínú oṣù kejì ọdún, yóò kàn máa wò ọ́ ni. Ìlú kan lè wà lójú títì kó má sì sí lójú ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni mí nígbà náà, mo fẹ́ fi ìwádìí gba oyè kejì, ọ̀rọ̀ omi ní àwọn ìlú kéékèèké ni mo sì mú. Ìwádìí láàárín ìlú kì í ṣe ohun tí ìwé nìkan lè kọ́ ènìyàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, bíi ti télọ̀: ọ̀gá ni yóò fi hàn ọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú, aṣọ olówó aṣọ ni o sì máa fi kọ́ ọ, nítorí náà ojú rẹ gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí ò ń gé.

Ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ náà pọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ni olùkọ́ tó ń bójú tó ìwádìí mi, obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí mo gbé síwájú rẹ̀, ó ní, "Fi èyí sílẹ̀ níbí ná. Lọ sí Ìlọrà, lọ kí wọn." Mo ní ṣé kí n kàn lọ kí wọn ni. Ó ní, "Kí wọn, kí o sì jókòó títí wọ́n á fi gbàgbé pé àlejò ni ọ́. Ìgbà náà la ó wá sọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù."

Ohun tó fún mi mú lọ dípò fọ́ọ̀mù ni ìwé kíkà méjì. Ìkíní ni ìwé tí Robert Chambers, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1983, *Rural Development: Putting the Last First*. Ọkùnrin yìí to àwọn ohun tó ń di olùwádìí lójú sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ̀bá títì ọlọ́dà la máa ń dúró sí, a kì í wọ inú lọ. Ó ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń jáde, nígbà tí ọ̀nà bá gbẹ, bẹ́ẹ̀ àsìkò òjò gan-an ni ebi àti àìsàn ń bá tálákà jà jù. Ó ní ọkùnrin là ń bá sọ̀rọ̀, a kì í bá obìnrin sọ ọ́. Ìjòyè là ń bá sọ̀rọ̀, a kì í bá aláàárù sọ ọ́. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà. Ní ti Ìlọrà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò yẹn gba àfikún: ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa ebi, kó wá nígbà òjò, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa omi, ó di dandan kó wá nígbà ọyẹ́, nígbà tí ètè bá ti bó. Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ní àsìkò méjèèjì.

Ìkejì jẹ́ àkójọ ìròyìn iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìdèrè, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí kan náà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ gbé ní Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá kan náà, kí wọ́n lè rí ilé tí àìsàn ti ń wá kó tó dé ọsibítù. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, Brieger, Ramakrishna àti Adéníyì, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ní Ìbàdàn, ń bá àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ lórí sọbìà. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó yóò rántí sọbìà. Kòkòrò gígùn tó ń yọ lẹ́sẹ̀, tó ń so àgbẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí oko ń pè é. Omi adágún ni wọ́n fi ń mu ún sára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà gbà pé ara ọmọ ènìyàn ló wà tẹ́lẹ̀, pé kò kan omi rárá.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìdèrè ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwàásù. Wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ará ìlú gbà gbọ́ nípa sọbìà tán ná. Wọ́n kọ́ àwọn kan láàárín ará ìlú ní iṣẹ́ ìlera, àwọn tí ìlú fúnra rẹ̀ mú kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé aṣọ kan wà tó lè sẹ́ omi kí kòkòrò má bàa gba inú rẹ̀ kọjá, télọ̀ ìlú ni wọ́n gbé aṣọ náà fún kó rán an, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ló sì ń tà á fún àwọn aládùúgbò wọn. Ẹni tó rán asẹ́ náà jẹ níbẹ̀, ẹni tó tà á jẹ níbẹ̀, ẹni tó rà á mọ ilé ẹni tó tà á fún un. Nígbà tí wọ́n wá aláàárẹ̀ sọbìà kiri gbogbo Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000. Ní 2008 ni ẹni ìkẹyìn mú un ní orílẹ̀-èdè yìí, àjọ WHO sì kéde ní 2013 pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ló wà nínú ìyẹn, láti ìjọba dé àjọ Carter Center, ṣùgbọ́n ọgbọ́n Ìdèrè wà níbẹ̀, ọgbọ́n tí olùkọ́ àti ará ìlú jọ dá ni.

Mo di ìwé méjèèjì mọ́ ẹrù, mo wọ ọkọ̀.

Ààfin ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo bá wá. Láti ibẹ̀ wọ́n ní kí n lọ rí àwọn baálé àdúgbò àti Ìyálọ́jà. Ìbéèrè méjì ni wọ́n ń bi mí kiri. Ọ̀kan ni pé, "Ẹgbẹ́ òṣèlú wo ló rán ọ?" Èkejì ni pé, "Ṣé ilẹ̀ lo fẹ́ rà?" Ìbéèrè méjèèjì bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó bá ń fi bírò àti ìwé wọ ìlú, ọ̀kan nínú nǹkan méjì yẹn ló sábà máa ń bá wá. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ dáhùn wàrà-wàrà, kí n sọ ilé ẹ̀kọ́ mi, kí n sọ ohun tí màá fi ìdáhùn wọn ṣe, kí n sì sọ ohun tí n kò lè ṣe fún wọn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù láti sọ. Ojú ìyálé kan ń wò ọ́, ó ń retí pé wàá gbẹ́ omi fún òun, o sì ní láti sọ fún un pé, "Màámi, n kò ní owó omi lọ́wọ́. Ìwé ni mo máa kọ." Ẹni tó bá fi ìlérí gba ìdáhùn lẹ́nu ènìyàn, olè ló jà.

N kò sọ àsọdùn. Ní 1996, ní Kánò, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń bá jà. Ẹjọ́ tó dá sílẹ̀ lórí bóyá àwọn òbí mọ̀ pé ìdánwò ni tàbí wọn kò mọ̀ gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fi 75 mílíọ̀nù dọ́là parí rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò ní 2009. Ọ̀rọ̀ omi kò tó ọ̀rọ̀ oògùn, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò yàtọ̀: ẹni tí ò ń bi ní ìbéèrè ló ni ẹnu rẹ̀, ó lè dákẹ́ nígbàkígbà. Ní Ìlọrà, ẹ̀rù títẹ ìka máa ń ba àwọn àgbà, torí wọ́n ti gbọ́ ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n fi ìtẹ̀ka tà. Nítorí náà, ẹnu la fi ń gba àṣẹ, ní ojú ẹnì kan tí òun pẹ̀lú jẹ́ ará ilé, a kì í tẹ̀ka.

Ibùdó gàrí kan ni mo wá fi ṣe ilé ìkọ́ṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ pọ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, tí Ìlọrà wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń sọ ọ́ di gàrí. Ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ wà níbẹ̀, jákì tí wọ́n fi ń fún omi ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ààrò agbada wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ lábẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Ìyá àgbà kan ni ọ̀gá ibẹ̀. Kò bi mí ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ó na ọ̀bẹ sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, jókòó, bó ẹ̀gẹ́. Ọwọ́ kì í ṣófo níbí." Mo bó ẹ̀gẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo tún bó ẹ̀gẹ́. Bí ọwọ́ mi ṣe ń mọ́ ọn ni àwọn obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀: iye tí epo ẹ̀rọ ti di láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ọmọ ta ni kò lọ sílé ìwé torí omi pípọn, ọkọ ta ni kò mọ̀ pé owó ni wọ́n fi ń ra omi ilé òun.

Ìyá àgbà yìí ló kọ́ mi ní ohun tí mo kà sí orí iṣẹ́ náà. Mo ń bi obìnrin kan lọ́jọ́ kan pé, "Màámi, níbo lẹ ti máa ń pọnmi?" Obìnrin náà ní, "Oríṣiríṣi ibi ni." Ìyá àgbà dá a dúró, ó kọjú sí mi, ó ní, "Má bi wá ní ohun tí a máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ń ṣe. Bi wá ní ohun tí a ṣe láàárọ̀ yìí." Mo wá yí i padà. Mo na ìka sí bàsíà tó wà níwájú rẹ̀, mo ní, "Omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀gẹ́ yìí, ta ló pọn ọ́n?" Ó ní ọmọ òun obìnrin ni. Mo ní aago mélòó ló jáde nílé. Ó ní kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo ní ìgbà wo ló dé. Ó ní oòrùn ti là. Mo ní kí ni ọmọ náà ì bá máa ṣe ní àsìkò yẹn. Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ì bá máa múra ilé ìwé." Bàsíà kan ṣoṣo ti sọ ohun tí fọ́ọ̀mù olójú-ewé púpọ̀ kò lè sọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, nǹkan tó wà nílẹ̀ tí ọwọ́ lè tọ́ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

Agbẹ́kànga kan ni ọ̀gá mi kẹta. Ó fún mi ní okùn, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta kókó sí i ní ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ó so òkúta kan mọ́ orí rẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù la máa ń wọn kànga, kí ẹnikẹ́ni tó fa omi nínú rẹ̀, torí bí wọ́n bá ti ń pọn ọ́n, ohun tí okùn bá sọ kì í ṣe òótọ́ mọ́. Wàá sọ òkúta kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó bá kan omi, wàá gbọ́ ọ, ohùn kékeré kan báyìí. Di kókó tó wà ní ẹnu kànga mú, kí o kà á. Sọ ọ́ kalẹ̀ sí i. Nígbà tó bá gúnlẹ̀, okùn yóò dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Fà á jáde. Ibi tí okùn bá rin dé ni omi ga mọ. Mo fẹ́ràn irinṣẹ́ yìí ju ohunkóhun tí mo rí ní ilé ẹ̀kọ́ lọ, torí gbogbo ẹni tó bá dúró létí kànga ló lè rí ohun tó ń sọ, kò sí ẹni tó nílò kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Agbẹ́kànga náà ló tún jẹ́ kí n lóye ìdí tí kànga kan fi ń gbẹ tí èkejì tí kò jìnnà sí i kì í gbẹ. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún. Omi kì í wọ inú àpáta líle. Orí rẹ̀ ló ń dúró sí, nínú ilẹ̀ tó jẹrà lára àpáta, àti nínú ibi tó bá ti sán. Ibi tí ilẹ̀ jíjẹrà yẹn bá ti nípọn, omi á pọ̀ níbẹ̀. Ibi tí kò bá ti nípọn, nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá, omi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé oṣù kẹta. Ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti kànga dé ṣáláńgá ní ilé kan, ó mi orí. Àwọn onímọ̀ ìlera ní ó yẹ kí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì tó 30 mítà. Ní agbo ilé tí wọ́n ti pín ilẹ̀ fún ọmọ, tí ọmọ ti pín in fún ọmọ-ọmọ, níbo ni 30 mítà fẹ́ ti wá? Kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á, ilẹ̀ ló tán.

Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ti 2006, kọ 134,173 sílẹ̀ fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijió, tó ní oríkò ní Jọ́bẹ̀lẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ kà wá ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìkànìyàn yẹn ti ń dìbò báyìí. Nígbà tí ìwé ìjọba bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀, ìlú tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń béèrè nǹkan gbọ́dọ̀ ka nǹkan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí a ya máàpù.

Ilẹ̀ lásán la yà á sí, ní ìrọ̀lẹ́, nínú àgbàlá kan. Eérú la fi fa ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló kọ́kọ́ mú igi, wọ́n fa títì ńlá já àárín, wọ́n fi ilé epo síbẹ̀, wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń wọ ọ̀kadà síbẹ̀, wọ́n fi pápá bọ́ọ̀lù síbẹ̀. Máàpù tó dára ni. Ẹ̀yìn náà ni àwọn obìnrin wọlé sí i. Wọ́n kó ekùrọ́ dání fún kànga tó ní omi, òkúta wẹ́wẹ́ fún kànga tó ń gbẹ, ìdérí ìgò fún ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e kalẹ̀ ni ojú àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà ń là sí i. Ìdérí ìgò pọ̀ nílẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣe rò lọ. Olúkúlùkù ti mọ èyí tó bàjẹ́ ní àdúgbò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ti rí gbogbo rẹ̀ papọ̀ rí. Ọmọdébìnrin kan tó ń bá ìyá rẹ̀ gbé àbúrò bọ́ síwájú, ó fi ekùrọ́ kan sí ìkángun, níbi tí kò sí ọ̀nà. Ìsun omi ni. Àwọn ọmọ tó ń pọnmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

A fún wọn ní àgbàdo gbígbẹ lẹ́yìn náà láti fi díwọ̀n ìṣòro, àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, àwọn obìnrin lọ́tọ̀. Èso àgbàdo tí ìṣòro bá gbà ni bó ṣe wúwo tó. Àwọn ọkùnrin kó púpọ̀ sórí iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọ̀nà oko. Àwọn obìnrin kó o sórí omi àti owó ẹ̀rọ gàrí. N kò rí i pé ọ̀kan jàre ju èkejì lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá baálé ilé nìkan sọ̀rọ̀, ọ̀nà oko ni yóò gbé relé, omi yóò sì kù sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bàbá àgbàlagbà kan sọ fún mi tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ìlọrà wà lára àwọn ibi tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn kọ́kọ́ dá ibùdó àgbẹ̀ sí ní nǹkan bí 1960, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà fún iṣẹ́ ọ̀gbìn. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀: kí wọ́n kó ọ̀dọ́ tó jáde ìwé mẹ́fà, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n fún wọn ní ilẹ̀ àti ilé àti owó yíyá, kí oko lè wù wọ́n gbé. Olùwádìí rọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn láti wá wo àwọn ibùdó wọ̀nyí. Werner Roider, ará Jámánì, kọ odindi ìwé lé wọn lórí, ó jáde ní 1971. Mo ti kà á. Mo sọ fún bàbá náà pé ìwé wà lórí irú ibùdó bẹ́ẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Lóòótọ́ ni wọ́n wá nígbà náà. Wọ́n bi wá ní iye adìyẹ, wọ́n bi wá ní gbèsè, a sì sọ fún wọn. Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ń sọ fún mi pé wọ́n kọ ọ́." Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ní a ṣe?"

Mo jókòó tì í, mo sọ ohun tí mo rántí nínú ìwé náà fún un: pé owó tí wọ́n ná sórí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan pọ̀ jù, pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ náà fi ibùdó sílẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó gbà pẹ̀lú àwọn kan, ó jiyàn àwọn mìíràn, ó sì sọ ìdí. Bí ìwé náà bá ti bọ́ sí irú ọwọ́ báyìí nígbà tí ó ṣì tutù, mo gbà pé ìbá dára ju bó ṣe wà lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ apá tó kù nínú iṣẹ́ náà, èyí tí wọn kì í sábà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́: dídá a padà. Mo kọ ìwé mi ní Gẹ̀ẹ́sì fún yunifásítì, mo tún kọ òmíràn ní Yorùbá fún Ìlọrà. Ti Yorùbá kò gùn, ṣùgbọ́n òun ló gba làálàá jù. Ọ̀rọ̀ tó dà bí ọgbọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì, tí mo bá gbé e wá sí Yorùbá tí kò dúró, mo máa ń padà lọ pa á rẹ́ nínú ti Gẹ̀ẹ́sì náà. A kà á sókè ní gbangba, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Wọ́n dá mi dúró níbi tí wọ́n bá ti ní nǹkan sọ. Wọ́n ní kí n yọ ibì kan tó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín agbo ilé méjì, mo yọ ọ́. Wọ́n ní kí n fi orúkọ àdúgbò sí ara kànga kọ̀ọ̀kan, torí ìjọba kì í mọ "kànga ìkẹta". Mo fi í sí i. Ìyá àgbà onígàrí ní kí n ka ibi ọmọ tó ń pọnmi ṣáájú àsùbáà lẹ́ẹ̀kejì, kí àwọn ọkùnrin gbọ́.

Lára àwọn ẹ̀rọ omi tí ìdérí ìgò dúró fún, àwọn kan jẹ́ ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀, irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Íńdíà ní àwọn ọdún 1970. Ẹni tó bá ti tú u rí mọ̀ pé awọ róbótó kan wà nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún tó ń fa omi sókè, òun ló sì máa ń tètè jẹ. Awọ náà kò wọ́n. Ohun tó ṣòro ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń fa ọ̀pá irin rẹ̀ jáde nílẹ̀. Mẹkáníìkì ọ̀kadà kan tó wà níbi tí a ti ka ìwé ní òun lè tú u bí wọ́n bá bá òun yá irinṣẹ́. Àdúgbò dá owó, wọ́n yá irinṣẹ́, wọ́n tú ọ̀kan. Awọ ni lóòótọ́. Omi ń jáde níbẹ̀ báyìí, àdúgbò náà sì yan àwọn obìnrin méjì láti máa gba owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí awọ náà yóò tún jẹ.

Èyí tí agbára ìlú kò ká, wọ́n kọ lẹ́tà lé e lórí. Àwọn ni wọ́n kọ ọ́, èmi kọ́; máàpù àti ìwọ̀n okùn ni wọ́n so mọ́ ọn. Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí oríkò ìjọba ìbílẹ̀ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, wọ́n sì gba òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiwọn. Mo sọ fún wọn nípa òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011, tó fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dá ẹni tó bá béèrè ìwé lóhùn. Mo sọ fún wọn pé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan kọ méjèèjì sílẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, ó ní kí n tún ọdún rẹ̀ pè.

Lọ́dọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jáde láti Ìbàdàn, láti Ọ̀yọ́, láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń bi àwọn ìlú wa ní ìbéèrè. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń fọwọ́ sí iṣẹ́ wọn, mo bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí i mọ́ títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi mú ẹ̀rí wá pé òun ti kà á fún àwọn tó ni ọ̀rọ̀, ní èdè wọn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí olùkọ́ yín kò bá tilẹ̀ béèrè, ẹ ṣe é. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan sí i, ẹ wọ ọkọ̀ padà lọ, ẹ fi lé ọwọ́ ẹni tó bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú yín.